Ẹyẹlé Méjì Tí Mo Fi Ọwọ́ Òsì Gbẹ́

Ọwọ́ òsì ni mo fi kọ ìtàn yìí, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má kà á sí àrífín. Ohun tí ọwọ́ ọ̀tún mi mọ̀ ọ́n ṣe kò ju kó gbé oúnjẹ sẹ́nu lọ. Ọwọ́ òsì yìí ló jẹ́ kí àwọn èèyàn mọ̀ mí, òun náà ló sì mú mi dé ẹ̀wọ̀n.

Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó ní sùúrù kó kà á tán ná. Lẹ́yìn náà kó wá bú mi dáadáa.

Eyín erin ni bàbá mi ń gbẹ́ jẹun. Ṣọ́ọ̀bù wà níwájú, yàrá iṣẹ́ wà láàárín, ibi tí à ń gbé wà lẹ́yìn pátápátá, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ lọ bu omi mu gbọ́dọ̀ gba inú eruku funfun kọjá. Ọmọ méjì ni wọ́n bí, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti èmi. Ẹ̀gbọ́n mi ló ní ẹnu, èmi ni mo ní ọwọ́. Òun ń bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀ níwájú, èmi ń bá bàbá mi gbẹ́ nǹkan láàárín. Màámi ló ń dán ohun tí a bá gbẹ́. Àkísà rírọ̀ àti ṣọ́ọ̀kì lílọ̀ ni wọ́n ń lò. Ojú wọn ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀ láti ọdún pípẹ́, àtàǹpàkò ni wọ́n fi ń ríran.

Ọlọ́wọ́ Òsì ni bàbá mi ń pè mí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, àwọn ẹbí ní kí wọ́n di ọwọ́ náà mọ́ mi lẹ́yìn kí n lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo ọ̀tún. Bàbá mi kọ̀. Wọ́n ní, "Ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀. Ṣé ọwọ́ yín ló fẹ́ fi ṣiṣẹ́ ni?"

Mo ti dàgbà kí bàbá mi tó kú. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn tí òfin dé.

Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbẹ́ eyín erin mọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ra tuntun. Àwọn èyí tí wọ́n ti gbẹ́ kí òfin tó dé nìkan ni èèyàn lè tà, bí ó bá ti lọ forúkọ wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, tí wọ́n ya fọ́tò wọn, tí wọ́n sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Mi ò bá òfin jà. Wọ́n ń pa àwọn ẹranko yẹn bí ẹni ń pa eṣinṣin. Mo ti rí fọ́tò erin kan tí wọ́n gé iwájú orí rẹ̀ lọ, mi ò sì lè jẹun lọ́jọ́ náà. Ẹni tí mo ń bá jà, inú ilé wa ló ń gbé.

Ọ̀kanlélọ́gọ́ta ni iṣẹ́ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ọwọ́ mi ló gbẹ́ méjìdínlógójì nínú wọn. Ẹ̀gbọ́n mi kó gbogbo rẹ̀ sínú páálí, ó wọ aṣọ tuntun, ó lọ forúkọ wọn sílẹ̀. Nígbà tó dé, mo gba ìwé náà, mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Níbi tí wọ́n kọ "ẹni tó gbẹ́ ẹ" sí, orúkọ bàbá wa ló wà níwájú gbogbo ọ̀kanlélọ́gọ́ta. Níbi tí wọ́n kọ "ẹni tó ni ín" sí, orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ni.

Mo ní, "Bọ̀dá, orúkọ tèmi dà?"

"Orúkọ kí ni?"

"Orúkọ mi. Ṣé ẹ ò mọ ẹni tó gbẹ́ wọn ni?"

Ó ń bọ́ bàtà rẹ̀, kò wo ojú mi. "Bí wọ́n bá ní èèyàn méjì ló gbẹ́ ẹ, ọ̀rọ̀ á pọ̀. Iṣẹ́ olóògbé ló ń tà jù. Bí òfin ṣe rí nìyẹn, èmi kọ́ ni mo ṣe é."

Oṣù kan lẹ́yìn náà, ó bá mi ní ìdí iṣẹ́ mi. Oníbàárà kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́ wa.

Ó ní, "Ìwọ, kí lo tún ń ṣe níbí? Kí lo fẹ́ máa gbẹ́? Afẹ́fẹ́?"

Oníbàárà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi náà rẹ́rìn-ín.

"Bọ̀dá, ibo lẹ fẹ́ kí n lọ?"

"Òfin ló dè ọ́ lọ́wọ́, èmi kọ́. Mo fẹ́ fi yàrá yìí kó ẹrù sí."

Màámi jókòó síbi tí wọ́n ti ń dán nǹkan, àkísà wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n tẹrí ba. Wọn ò sọ ohun kan. Mo kó ọ̀bẹ mi mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sínú àpò, mo jáde.

Ẹ ó ti rí i pé mi ò fi "wọ́n" pe ẹ̀gbọ́n mi. Mo mọ̀ pé ó dàgbà jù mí lọ. Ọjọ́ yẹn ni ọ̀wọ̀ náà tán.

Mo gba yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ eegun màlúù. Bí wọ́n ti ń rùn tó nígbà tí mo bá ń sè wọ́n, ẹni ìsàlẹ̀ á máa kígbe pé, "Àǹtí, ta lẹ pa?" Àwọn tí a jọ ń gbẹ́ eyín erin tẹ́lẹ̀ ti fọ́n ká. Ọ̀kan ń gé kọ́kọ́rọ́, ọ̀kan ń gbẹ́ ṣíbí igi, èyí tó dára jù nínú wọn ń ṣọ́ géètì. Bí mo tilẹ̀ yí sí eegun, òfin kò fi mí sílẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀gbà ọrùn tí mo ṣe lọ́wọ́ obìnrin kan ní pápákọ̀ òfurufú, wọ́n ní eyín erin ni. Ó padà wá bá mi, ó bú mi lójú gbogbo ayé.

Gbogbo ìgbà tí mo bá gba iwájú ṣọ́ọ̀bù bàbá mi kọjá, mo ń rí iṣẹ́ ọwọ́ mi nínú gíláàsì. Mo kórìíra ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo kórìíra rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń gbádùn rẹ̀, bí ẹni tó ń fi ahọ́n kan eyín tó ń dùn ún.

Ọ̀rọ̀ eyín náà ló kó bá mi. Dókítà eléyín kan wà ládùúgbò wa tó fẹ́ràn eyín erin ju eyín àwọn tó ń tọ́jú lọ. Àpótí gíláàsì méjì ló kún fún un lókè ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ìwé, kò lè tà wọ́n, kò lè fún èèyàn. Ó máa ń sọ pé bí òun bá kú lónìí, ẹjọ́ ni òun fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ òun. Síbẹ̀ kò jáwọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó gun àtẹ̀gùn mi wá, ó gbé ohun kan tí wọ́n fi ìwé ìròyìn wé sórí tábìlì. Mo tú u. Ó gùn tó apá mi láti ìgúnpá dé ọwọ́. Mo gbọ́ òórùn rẹ̀, mo sì mọ̀.

"Dókítà, tuntun lèyí."

"Ẹnì kan rí i lọ́wọ́ ẹnì kan."

"Ẹ gbé e kúrò níbí. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n tì mí mọ́lé ni?"

"Ta ló máa mọ̀? Bá mi fi ṣe ẹ̀gbà ọwọ́ mẹ́ta, kí o rẹ wọ́n sínú tíì kí wọ́n lè pọ́n bí ti àtijọ́. Ìdí rẹ̀ tó bá ṣẹ́ kù, tìrẹ ni."

"Mo ní mi ò ṣe."

Ó dìde, ó mú fìlà rẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà ó yíjú padà. "Kò burú. Ẹ̀gbọ́n rẹ ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé o ò lè ṣe é. Ó ní ilẹ̀ lo máa ń gbá níbẹ̀ nígbà tí bàbá yín ń ṣiṣẹ́."

Ara mi gbóná láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orí.

Mo ní, "Dókítà, ẹ fi í sílẹ̀."

Ọdún márùn-ún ni ọwọ́ mi kò ti kan eyín erin. Eegun a máa já, a máa fọ́, ihò dúdúdúdú ló kún inú rẹ̀. Eyín erin ń gba ọ̀bẹ bí ọṣẹ, àwọn ìlà inú rẹ̀ sì ń kọjá lára ara wọn bí àwọ̀n. Mo ṣe ẹ̀gbà ọwọ́ mẹ́ta fún dókítà, wọ́n dára. Ṣùgbọ́n ìdí tó ṣẹ́ kù ni mo ń rò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nínú ṣọ́ọ̀bù bàbá mi, nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún ni ẹyẹlé méjì tó bà sórí ẹ̀ka kan. Bàbá mi fúnra wọn ló gbẹ́ ẹ. Ọ̀kan ń wo iwájú, ìkejì yí ọrùn padà, ó ń wo ẹ̀yìn. Wọ́n máa ń sọ pé, "Èyí tó ń wo iwájú ni ẹ̀gbọ́n rẹ. Èyí tó ń wẹ̀yìn ni ìwọ, nítorí pé o kì í gbàgbé nǹkan." Ẹ̀gbọ́n mi kọ̀ láti tà á. Àárín gíláàsì gan-an ló gbé e sí, òun ló fi ń fa ojú èèyàn.

Mo gbẹ́ ẹyẹlé méjì. Inú orí mi ni mo ti ń wò ó, mi ò nílò fọ́tò. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi gbẹ́ ẹ, mo rẹ ẹ́ sínú tíì fún ọjọ́ mẹ́ta, mo fi eruku ilẹ̀ ra àárín ìyẹ́ wọn. Nígbà tí mo gbé e sójú oòrùn, ẹ̀rù bà mí. Bàbá mi ì bá pè é ní tiwọn.

Ẹ mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe. Màá gbé tèmi síbẹ̀, màá gbé ti bàbá mi lọ, màá sì pe ìjọba. Kí wọ́n bá eyín erin tuntun nínú ṣọ́ọ̀bù ọ̀gbẹ́ni òfin. Kí ó jókòó níwájú wọn kó máa sọ pé òun kọ́, kí wọ́n wí fún un pé bí òfin ṣe rí nìyẹn. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wọn nínú orí mi tó ìgbà ọgọ́rùn-ún.

Àràárọ̀ Àbámẹ́ta ni Màámi máa ń dán àwọn nǹkan inú gíláàsì. Mo lọ kí wọn. Ẹyẹlé ti dán tán, ó wà lórí àkísà. Wọ́n ní, "Jókòó, jẹ́ kí n gbé omi tíì kaná fún ọ." Wọ́n fi ọwọ́ tọ ògiri lọ sẹ́yìn. Mo ṣí báàgì mi. Kí èèyàn tó ka mẹ́wàá, ti bàbá mi ti wọnú báàgì, tèmi ti wà lórí àkísà.

Ẹ̀gbọ́n mi yọ láti iwájú. "Ṣé wọ́n ti dán nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún tán? Oníbàárà fẹ́ wò ó."

Mo gbé e, mo nà án sí i.

Ó wojú mi. "Ọwọ́ òsì lo fi ń na nǹkan sí mi? Títí o ó fi kú, o ò ní gbọ́n."

Mo ní, "Ẹ má bínú, Bọ̀dá." Mo sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dùn, ẹ̀yin èèyàn mi. Mi ò ní parọ́ fún yín.

Mo mu tíì Màámi tán kí n tó lọ.

Mi ò lè jẹ́ kí Àbámẹ́ta mìíràn bá a lábẹ́ àtàǹpàkò Màámi. Ní àárọ̀ Ajé, mo pe nọ́ńbà tí ìjọba lẹ̀ mọ́ ògiri kiri ìlú. Mo sọ ohùn mi di ti àgbàlagbà. Mo júwe òpópónà, mo júwe àwọ̀ ilẹ̀kùn, mo ní kí wọ́n wo nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún. Ọwọ́ òsì ni mo fi gbé fóònù náà. Àwọn àgbà ní èèyàn kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá rẹ̀. Èmi júwe rẹ̀, mo tún fi ibi tí wọ́n máa yà sí kún un.

Ká ní mo jókòó sílé ni, bóyá ẹ ò ní ka ìtàn yìí. Àmọ́ ìgbẹ̀san tí èèyàn kò bá fojú rí, bí oúnjẹ tí wọ́n ròyìn fún un ni. Mo lọ wòran.

Àwọn mẹ́ta ló wá. Obìnrin kan ni ọ̀gá wọn, ó kéré ní ìdúró, ó so gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá mọ́ ọrùn. Ó lọ tààrà síbi ẹyẹlé, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ bu díẹ̀ lábẹ́ ẹ̀ka rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Mádààmù, ẹ rọra o. Iṣẹ́ bàbá mi ni. Ó ní ìwé."

"Mo ti rí ìwé. A fẹ́ kó o lọ sí ilé àyẹ̀wò. Wọ́n á sọ ọdún tí erin náà kú fún wa."

"Ọdún tí erin kú? Ta ló bá wọn sin ín?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n kó gbogbo ọ̀kanlélọ́gọ́ta lọ, wọ́n lẹ ìwé pupa mọ́ ilẹ̀kùn, wọ́n sì mú ẹ̀gbọ́n mi lọ ṣàlàyé ọ̀rọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ló lò lọ́dọ̀ wọn. Mo sùn dáadáa ní gbogbo ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ohun tí mi ò rò ni pé bí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀bù, ilé tó wà lẹ́yìn náà ti di títì. Nígbà tí wọ́n dá ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀, ó lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Màámi, tí aládùúgbò kan ti gbà sílé fún ọjọ́ mẹ́rin náà, gbé àpótí wọn, wọ́n gun àtẹ̀gùn mi wá, wọ́n ń ka ìgbésẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Yàrá kan ṣoṣo ni mo ní. Ibẹ̀ ni Màámi wà láti àárọ̀ dé alẹ́. Ibẹ̀ náà ni ẹyẹlé bàbá mi wà, nínú ike tí mò ń kó eegun sí, tí mo fi tówẹ́ẹ̀lì wé.

Wọn kì í lè jókòó lásán. Wọ́n ń gbálẹ̀, wọ́n ń to nǹkan, wọ́n ń bá mi fọ eegun. Mo ní, "Màámi, ẹ sinmi." Wọ́n ní, "Ìgbà tí mo bá kú ni màá sinmi." Mo ń ti ike náà sábẹ́ ibùsùn, wọ́n ń fà á jáde gbálẹ̀ ibẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ti ibi tí mo ti lọ ra ọ̀bẹ dé. Màámi ń sùn. Mo ṣí ike náà láti wò ó, bí mo ṣe máa ń ṣe. Tówẹ́ẹ̀lì náà wà bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tú u, ẹyẹlé méjèèjì ń dán gbinrin. Eruku tó wà láàárín ìyẹ́ wọn kò sí mọ́. Mo gbé e sí imú, mo gbọ́ òórùn ṣọ́ọ̀kì.

Mo bojú wẹ̀yìn. Màámi ṣì kọjú sí ògiri, mi ò sì mọ̀ bóyá oorun ni tàbí òun kọ́.

Nígbà tí a ń jẹun, wọ́n bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé kò sí nǹkan tó o fẹ́ sọ fún mi?"

Mo bu òkèlè mìíràn. "Kò sí, Màámi. Bíi kí ni?"

"Mo kàn bi ọ́ ni."

Wọ́n tún bi mí ní ọjọ́ kẹta. Wọ́n tún bi mí ní ọjọ́ kẹfà. Èsì kan náà ni mo fún wọn. Ojú ń tì mí, ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n bí mo bá ti rántí "Kí lo fẹ́ máa gbẹ́? Afẹ́fẹ́?" ọkàn mi á tún le bí òkúta.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, wọ́n pe gbogbo wa sí ṣọ́ọ̀bù. Èsì ti dé. Wọ́n to gbogbo ọ̀kanlélọ́gọ́ta sórí tábìlì iṣẹ́ bàbá mi, nínú yàrá tí ẹ̀gbọ́n mi fi kó ẹrù sí. Ó ti rù. Irun àgbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Mo rí i, inú mi dùn, mo fi ojú wá ibi tí mo ti máa rí i dáadáa.

Mádààmù ní, "Erin tó ni eyín tí wọ́n fi gbẹ́ ẹyẹlé yìí kò tíì kú ju ọdún méjì lọ. Bàbá yín ti kú láti ọdún mẹ́fà. Ṣé wọ́n jí dìde wá gbẹ́ ẹ ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi la ẹnu, ẹnu tó fi ń tà, kò rí nǹkan tà.

"Nǹkan mìíràn tún wà." Ó gbé gíláàsì rẹ̀ sójú. "Mo wo ipa ọ̀bẹ lára gbogbo wọn. Lára méjìlélógún, ọ̀bẹ dà sí apá ọ̀tún. Lára mọ́kàndínlógójì, ó dà sí apá òsì. Ìwé yín ní èèyàn kan ló gbẹ́ gbogbo rẹ̀. Ta ni ọlọ́wọ́ òsì?"

Mádààmù wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. Mo rí i bó ṣe ń ṣírò ọ̀rọ̀ náà lójú. Bó bá sọ pé àbúrò òun ni, ó ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé irọ́ lòun kọ sínú ìwé ìjọba. Bó bá dákẹ́, wọ́n á gbà pé òun ló ń ra eyín tuntun. Mo ti dè é síbi tí kò ti lè mira. Mo fẹ́ kígbe ayọ̀.

Mádààmù mú egungun kan àti ọ̀bẹ kékeré jáde. "Ó dáa. Kí olúkúlùkù gbẹ́ ìyẹ́ ẹyẹ kan fún mi."

Ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ gbìyànjú. Ó gé àtàǹpàkò ara rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà fún un ní pépà kó fi nu ẹ̀jẹ̀.

"Ìwọ ńkọ́, àbúrò?"

Mo gba ọ̀bẹ náà. Ẹ̀yin òǹkàwé, ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi gbà á. Mo fi ọwọ́ tí kò mọ ohunkóhun fa ìlà kan, ọ̀bẹ yọ̀. Mo fa òmíràn, ó wọ́ bí ìwé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iléèwé. Òógùn bò mí. Mo ní, "Ìlẹ̀kẹ̀ eegun lásán ni mò ń ṣe, mádààmù. Mi ò mọ ẹyẹ gbẹ́."

Nígbà náà ni mo gbọ́ ohùn Màámi láti ẹ̀gbẹ́ ògiri. Wọn ò pariwo.

"Ọmọ mi, fi ọwọ́ tó o fi ń ṣiṣẹ́ mú un."

Mo yíjú sí wọn.

"Ẹyẹlé bàbá rẹ wà nínú ike eegun. Mo bá a níbẹ̀. Mo dán an kí o lè mọ̀ pé mo ti rí i. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi dúró dè ọ́." Wọ́n gbé ojú wọn tí kò ríran mọ́ sókè síbi tí ẹ̀gbọ́n mi wà. "Ìwọ náà, o gba orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, mo wà níbẹ̀, mo dákẹ́. Mo ti dákẹ́ tán."

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ mi. Kò sẹ́ni tó tún ní kí n gbẹ́ nǹkan.

Ọ̀rọ̀ kóòtù kò pẹ́. Dókítà eléyín wọ aṣọ funfun wá, ó ní òun kò mọ̀ mí rí, eyín èèyàn nìkan lòun ń tọ́jú. Kò sí ẹlẹ́rìí tó rí i lórí àtẹ̀gùn mi. Adájọ́ bi ẹ̀gbọ́n mi bóyá ó fẹ́ bá mi bẹ̀bẹ̀, níwọ̀n bí a ti jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Ó dìde, àtàǹpàkò rẹ̀ ṣì wà nínú báńdéèjì.

Ó ní, "Mi ò ní ọ̀rọ̀ kankan, Olúwa mi. Bí òfin bá ṣe rí ni kí ẹ ṣe."

Ó wò mí nígbà tó sọ ọ́. Ó fẹ́ kí n gbọ́ ọ dáadáa.

Oṣù mẹ́jọ ni mo lò lẹ́wọ̀n. Wọ́n gba láísẹ́ńsì ẹ̀gbọ́n mi títí láé. Mádààmù ní ìwé tí irọ́ bá ti wọ̀, kò sí èyí tí èèyàn lè gbà gbọ́ nínú rẹ̀ mọ́, nítorí náà wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé gbogbo ọ̀kanlélọ́gọ́ta, wọ́n sì fi ẹyẹlé bàbá mi kún un. Wọ́n kó wọn sínú ẹ̀rọ tó ń lọ òkúta, wọ́n lọ̀ wọ́n kúnná níwájú àwọn oníròyìn. Màámi lọ síbẹ̀. Wọ́n ní ariwo rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń rún eegun adìẹ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín. Méjìdínlógójì iṣẹ́ ọwọ́ mi tó jẹ́ pé tìtorí wọn ni mo ṣe bínú, èmi ni mo tì wọ́n sẹ́nu ẹ̀rọ náà. Mi ò ní ẹyọ kan tí mo lè nawọ́ sí pé èmi ni mo gbẹ́ ẹ. Ẹ̀gbọ́n mi fi orúkọ mi pamọ́ lára wọn, èmi ni mo sọ wọ́n di eruku. Ó jẹ̀bi, mo tún sọ ọ́. Ẹ̀bi rẹ̀ kò sọ mí di aláre.

Ó ń ta káàdì fóònù báyìí, níbi kan tí kò fẹ̀ ju ibùsùn lọ. Mo máa ń gba òdìkejì títì kọjá. A kì í kí ara wa. Bí ẹ bá bi mí bóyá mo ti dárí jì í, irọ́ tí mo máa pa fún yín á dùn gbọ́, nítorí náà ẹ má bi mí.

Ọ̀dọ̀ mi ni Màámi ń gbé. Ní oṣù tó kọjá, mo fi eegun gbẹ́ ẹyẹlé méjì lórí ẹ̀ka, mo gbé e fún wọn. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n fi àtàǹpàkò tọ ìyẹ́ èyí àkọ́kọ́ láti orí dé ìrù, wọ́n mirí. Wọ́n tọ ti ìkejì. Nígbà tí wọ́n dé ọrùn rẹ̀, wọ́n dúró.

Wọ́n ní, "Ó ṣì ń wẹ̀yìn."

Mo ní, "Ó ṣì ń wẹ̀yìn, Màámi. Ẹ bá mi dán an."

Wọ́n na ọwọ́ wọn, wọ́n wá ọwọ́ òsì mi kàn, wọ́n gbé ẹyẹlé náà sínú rẹ̀ pẹ̀lú àkísà.

"Dán an fúnra rẹ."